Etí Tí A Rán Níṣẹ́: Ìtọ́jú Àwọn Tó Ń Ṣèwádìí Ìwà Ipá sí Obìnrin

 

Lọ́dún 2018 ni wọ́n ṣe ìwádìí ńlá lórí ìlera àwọn ará ilé jákèjádò Nàìjíríà, èyí tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní NDHS. Ó hàn níbẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù tàbí ṣe léṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15, tí 9 sì ti fojú winá ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Iye yìí kò jìnnà sí ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wa. Aṣòfin ń kà á nílé ìgbìmọ̀, oníròyìn ń kà á lórí rédíò, àwa olùkọ́ ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ gbà á wá, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé kan, tábúlẹ́ẹ̀tì lórí itan, tó ń bi ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta léèrè bóyá ọkọ rẹ̀ ti fún un lọ́rùn rí, bóyá ó ti yọ ọ̀bẹ sí i rí. Ó béèrè, ó dákẹ́, ó dúró de èsì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́bìnrin yẹn ni mo bá wá. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe àánú tí ẹni tó gbé owó ìwádìí kalẹ̀ ń ṣe é. Gbèsè ni. Nǹkan kan wà tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò tíì dá padà, màá dárúkọ rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ká sáà ka ìbéèrè sétígbọ̀ọ́ ká sì máàkì ìdáhùn ni. Ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé ìlànà kan jáde lórí ìwádìí ìwà ipá abẹ́lé. Ohun tó ṣáájú nínú ìwé náà ni pé ààbò obìnrin tí à ń bi ní ìbéèrè, àti ààbò àwọn tó ń béèrè, ló gbọ́dọ̀ borí gbogbo ìpinnu yòókù. Obìnrin kan ṣoṣo la ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé kan, kí ará ilé tó kù má baà mọ ohun tí à ń bá kiri. Etí kẹta kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ọmọ kékeré tó bá ti lè ro ẹjọ́ fún bàbá rẹ̀, etí ni òun náà. A kì í sì í pariwo orúkọ ìwádìí náà ládùúgbò. Ìwádìí nípa ìlera obìnrin la máa ń pè é. Kì í ṣe irọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera ni lóòótọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá já lu ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan ti ẹ̀yìn ilé yọ, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ ń bá ìyàwó mi sọ?" Ọmọbìnrin wa kò gbọdọ̀ ta gìrì, nítorí ẹni tó ta gìrì ti jẹ́wọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti yí ojú ìwé tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ fífún ọmọ lọ́yàn la wà. Oṣù mélòó lẹ ní ẹ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, mà?" Ìyàwó tí omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀ dáhùn pé oṣù méjìdínlógún ni. Bàbá dúró díẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmú àti ògì, ó ní òun ń bọ̀, ó jáde. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n sì padà síbi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé, sórí ìbéèrè ọ̀bẹ.

Ẹ gbà mí gbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí, ó nílò ẹ̀kọ́, ó nílò ìgboyà, àyà ẹni tó ń ṣe é sì ń já lábẹ́ ẹ̀rín tó gbé sójú. Bó bá kúrò nínú ilé yẹn, ilé mìíràn wà lórí ìwé rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tiwa ni mò ń sọ, àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣe ìwádìí láàárín ìlú wọn, ó sì nídìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá yóò wọ bàálù padà tó bá ṣe tán. Ọmọbìnrin tiwa, máíkírà ni yóò wọ̀, kò sì ní í ju bí ibùsọ̀ díẹ̀ lọ kó tó délé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lè pàdé obìnrin tó bá sunkún lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn, kò sì gbọdọ̀ kí i bí ẹni mọ̀ ọ́n. Ọkọ tó ń fún ìyàwó lọ́rùn lè jẹ́ ẹni tó ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí àsàlátù. Yóò rí i, yóò sì kúnlẹ̀ kí i. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni: ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn, ẹgbẹ́ ni wọ́n, èdè kan ni wọ́n ń sọ, irú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ má sì gbàgbé pé 31 nínú ọgọ́rùn-ún yẹn kò yọ àwọn olùwádìí sílẹ̀. Nínú àwọn tí a ń rán jáde, àwọn kan wà tí ìbéèrè tí wọ́n ń kà jáde lẹ́nu jẹ́ ìtàn ilé tiwọn, yálà lánàá ni o tàbí lónìí.

Àwọn onímọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹni tó ń gbọ́ ìyà ń jẹ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1990 ni Lisa McCann àti Laurie Anne Pearlman kọ̀wé ní Amẹ́ríkà lórí bí ìtàn ìpalára ṣe ń yí ojú tí àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbá a fi ń wo ayé padà. Lọ́dún 2002, Rebecca Campbell, tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lẹ́nu wò ní Chicago, tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ohun tí iṣẹ́ náà ṣe fún àwọn olùwádìí fúnra wọn. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, àjọ SVRI tó wà ní Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà gbé ìlànà jáde lọ́dún 2015 lórí bí a ṣe lè dènà irú ìpalára yìí lára àwọn tó ń ṣèwádìí ìwà ipá ìbálòpọ̀ àti ti abẹ́lé, àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí àwíjàre àìmọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Báwo la ṣe ń mọ ìpalára yìí lára olùwádìí? Oorun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀kùn dún gbàà, ọkàn rẹ̀ fò. Àfẹ́sọ́nà tó ti ń fọkàn tán láti ọjọ́ pípẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ọmọ sunkún díẹ̀, ó jágbe mọ́ ọn, lẹ́yìn náà òun náà bú sẹ́kún. Orí fífọ́, inú rírun, oúnjẹ tí kò lọ lọ́fun. Èyí tó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹni tí kò sunkún mọ́ rárá. Obìnrin ń sọ bí wọ́n ṣe da omi gbígbóná sí òun lára, olùwádìí ń wo aago. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tí ẹkún tán lójú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, kì í pẹ́ kó tó má ríran mọ́.

Iṣẹ́ náà á sì bàjẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ á sáré kọjá lórí ìbéèrè tó le. Á máàkì "rárá" fún obìnrin náà kó tó lanu, tàbí kó fi ohùn béèrè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Nígbà tí WHO ṣe ìwádìí rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tí wọ́n bá obìnrin tó ju 24,000 lọ sọ̀rọ̀, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2005, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Serbia tí mo máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àwọn kan wà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ gbígba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, wọ́n sì fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ránpẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n fara balẹ̀ kọ́ dáadáa. Àwọn tí wọn kò ṣe é rí yìí ni obìnrin púpọ̀ gbà láti bá sọ̀rọ̀, àwọn náà ni obìnrin púpọ̀ sì tú àṣírí fún. Ìmúrasílẹ̀ tí a bá ṣe fún olùwádìí ló ń pinnu bóyá òótọ́ ni yóò wọnú ìwé. Ẹni tó bá ní owó kò tó fún ìtọ́jú òṣìṣẹ́, kó mọ̀ pé owó tó ná sórí ìyókù náà lè má ra òótọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró níbi tí mo ní mo ń bọ̀.

Báwo ni àwa Yorùbá ṣe ń sọ ẹrù ọkàn kalẹ̀? Sísọ ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí nǹkan, á wá ẹni tí yóò rò ó fún. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí lónìí o." Ìyá á pòṣé, á patẹ́wọ́, á ní "Háà, ayé mà le o." Ọ̀rẹ́ á ní "pẹ̀lẹ́, jókòó, ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀gbọ́n á ní kó máa rọra ṣe. Ká tó mọ̀, ọ̀rọ̀ tó wúwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: a mọ èyí, a sì fi ń gba ara wa níyànjú.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí ti fọwọ́ síwèé pé òun kò ní í sọ. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu tó bá yọ̀ lè fi ẹ̀mí obìnrin ṣòfò. Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ mọ ìdílé náà. Kò lè sọ fún ọkọ. Kò lè sọ fún pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Ó lè gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò lè ro ohun tó ń gbàdúrà lé lórí. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi rí báyìí, ó ní ó rẹ òun ni. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún ní ó rẹ òun.

Ohun tí ìwádìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó gba gbogbo etí tó ní láyé. Ẹ̀yin tí ẹ gba etí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dandan ni kí ẹ pèsè etí mìíràn fún un, kí ẹ pèsè rẹ̀ kó tó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní gbèsè ni nìyí. Ìdí sì nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọn nígbà tí olórí iṣẹ́ bá ní "wọ́n ní ẹbí tó ń tì wọ́n lẹ́yìn." Ẹbí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti fi ìbúra pa ẹnu ọ̀nà wọn dé.

Ẹnì kan tún wà tí a máa ń gbàgbé ju ẹni tó lọ sí pápá lọ: ẹni tó ń tẹ ohùn sínú ìwé. Òun kò rí obìnrin náà rí, kò dì í lọ́wọ́ mú, kò lè sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Ohùn nìkan ló ní. Ó fi ẹ̀rọ bo etí méjèèjì, ó ń gbọ́ èdè Ìbàràpá tàbí ti Oǹdó, ó dé ibi tí ẹkún bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kò lè fò ó, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí wà. Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ó tún dá a padà. Ẹkún tí ẹni tó wà ní pápá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun ń gbọ́ ọ títí yóò fi dá ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ mọ̀, lẹ́yìn náà yóò wá èdè Òyìnbó fún un. Nínú yàrá rẹ̀ ló wà, lóun nìkan, lóru, nígbà tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì bá wà. Owó tí wọ́n ń san fún un sábà máa ń jẹ́ ti iye ìṣẹ́jú ohùn tó tẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é sí ìpàdé. Bí ètò ìtọ́jú kan bá yọ ẹni yìí sílẹ̀, mi ò kà á sí ètò.

Ohun tó tún ń dá ọgbẹ́ sí wọn lọ́kàn ni àìrí nǹkan ṣe. Ìwádìí 2018 tí mo mẹ́nu bà níṣàájú fi hàn pé ju ìdajì lọ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ti hùwà ipá sí ni kò wá ìrànlọ́wọ́ kankan rí. Ìyẹn ni pé etí olùwádìí lè jẹ́ etí àkọ́kọ́ tí obìnrin náà bá pàdé. Ó ti sọ tán, ó wá bèèrè pé: "Kí wá ni ká ṣe o, àǹtí?" Bó bá jẹ́ Ìkẹjà ni, Mirabel Centre wà níbẹ̀ láti ọdún 2013, ní ọgbà ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ààbò kúrò lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé láti 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin VAPP, tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, ní 2015. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń béèrè yìí lè wà ní abúlé kan lọ́nà Ṣakí, tí owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibi tó ti lè rí ìrànlọ́wọ́ ju ohun tó ń tà lọ́jọ́ ọjà lọ. Olùwádìí na ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí fún un. Bí nọ́ńbà yẹn kò bá lọ, ta ni yóò gbé ìtìjú rẹ̀? Mo mọ àwọn tó ti yọ owó ọkọ̀ tiwọn fún obìnrin tí wọ́n bi ní ìbéèrè, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn délé.

Nítorí náà, ìtọ́jú olùwádìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé nọ́ńbà yẹn. Kí a pe gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a lọ sí ọ́fíìsì náà, kí a mọ ẹni tí yóò gbé e. Kí owó ọkọ̀ obìnrin tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ wà nínú owó ìwádìí. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí Olúfúnmiláyọ̀ Fawọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń kiri ọjà ní gáréèjì ọkọ̀: wọn kò ka ìyà lásán, wọ́n gbé ìdáàbòbò wọ inú iṣẹ́ náà. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ń gbọ́, tó sì ń rí nǹkan tí a ṣe sí i, ẹrù tirẹ̀ kò lè rí bí ti ẹni tó ń gbọ́, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú sísan owó ní iye fọ́ọ̀mù. Ẹni tí à ń san iye fọ́ọ̀mù fún, ìyà ni ìsinmi jẹ́ fún un, àti obìnrin tó ń sunkún pẹ́ níwájú rẹ̀, àdánù ni. Owó ọjọ́ ló yẹ, kí a sì ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Kí a sọ bí ìbéèrè náà ṣe rí fún un kó tó fọwọ́ síwèé, kí ẹni tó bá ní òun kò lè ṣe é tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe nínú ìwádìí náà, bíi kíka ilé àti yíya àwòrán àdúgbò, láìsí pé a gé owó rẹ̀, láìsí pé a bi í léèrè ìdí.

Lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn olùwádìí jókòó pọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú fọ́ọ̀mù ni ọ̀gá ń kà fún wọn. Ìjókòó tí mò ń sọ yàtọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó lè lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò ṣe alága rẹ̀. Ìbúra kan náà ló de gbogbo wọn, nítorí náà wọ́n lè sọ fún ara wọn ohun tí wọn kò lè sọ nílé, láìdárúkọ, láìdá agbo ilé mọ̀. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Láti ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti fi hàn ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, pé a lè tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ láàárín ìlú, nígbà tó fi àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ayé wá wò ó. Àwa tí a ni Aro, kò yẹ kí a dúró de ẹni tí yóò ti òkè òkun wá kọ́ wa pé ẹgbẹ́ ẹni wà lára ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ nìkan kò tó. Onímọ̀ ìlera ọkàn tó gbọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ wà, tí a ti mọ orúkọ rẹ̀, tí a ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ lè pè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, títí oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í dìde àfi nígbà tí ara bá ti sinmi. Òfin náà ti ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 gbà pé ìpalára ọkàn tí iṣẹ́ fà lè mú ẹ̀tọ́ owó wá. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò èyí tí ìjọba òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbà síṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ìwé gidi, báwo ni yóò ṣe dé iwájú òfin? Ẹ fún wọn níwèé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò, tí ẹ ń fún wa láṣẹ, ẹ̀yin ni agbára yìí wà lọ́wọ́ yín jù. Ẹ ń bi wá bí a ó ṣe dáàbò bo ẹni tó ń dáhùn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ta ni yóò gbọ́ ti ẹni tó ń béèrè àti ti ẹni tó ń tẹ̀wé, èló lẹ fi sílẹ̀ fún un, ojú ìwé wo ló wà nínú ètò ìnáwó? Bí kò bá sí ojú ìwé, ẹ dá a padà fún wa. Mo mọ̀ pé bí olówó bá ní kí a dín owó kù, ìlà yìí la kọ́kọ́ ń fa nǹkan gba orí rẹ̀. Tí ẹ̀yin bá kọ̀, a kò ní í lè fà á.

Ó ku ti fóònù. Lẹ́yìn tí ìwádìí bá ti parí, tí ìwé ti jáde, obìnrin kan yóò pe ọmọbìnrin yìí láago méjìlá òru, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kí ìwádìí ra ìlà fóònù tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí á sanwó fún ẹni tí yóò máa gbé e. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí á fà á lé àjọ tó ti fọwọ́ sí i pé òun yóò máa gbé e lọ. Bí obìnrin tó pè bá sì gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.